Bí a ṣe ń tún fíìmù tí ayé ti gbàgbé ṣe, tí a sì ń gbé e jáde sórí díìsìkì

Fíìmù kan lè gba ìyìn níbi àjọ̀dún sinimá ńlá, kí ó sì pòórá láàárín ogún ọdún, nítorí pé ẹ̀dà mélòó kan péré ni wọ́n tẹ̀ nínú rẹ̀, tí kò sì sí ilé sinimá tó tún béèrè rẹ̀ mọ́. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké bíi Second Run ní Lọ́ńdọ̀nù, Milestone ní Amẹ́ríkà àti Re:Voir ní Paris ń wá kiri, tí wọ́n ń tẹ̀ sórí díìsìkì fún àwọn tó ń kó fíìmù jọ sílé. Ìlànà tí mo kọ síhìn-ín wà fún ẹni tó ní fíìmù bẹ́ẹ̀ kan lọ́kàn, tó ní sùúrù, tí kò sì tíì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ìpinnu yín lẹ́nu iṣẹ́ náà: báwo ni fíìmù yìí ṣe rí, báwo ni ó sì ṣe dún, ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi í han àwọn ènìyàn?

Ẹ̀tọ́ ni ó ṣáájú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìfẹ́ fíìmù máa ń sún láti náwó sórí àtúnṣe, kí wọ́n tó wá mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ṣàdéhùn kọ́ ló ni ín. Ẹ kọ́kọ́ tọpasẹ̀ ẹ̀tọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òní: ta ni ó fi owó sílẹ̀ tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, ta ni ó tà á fún, ilé-iṣẹ́ wo ni ó wọko gbèsè tí ohun ìní rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, àwọn wo ni ó jogún olùdarí bí ó bá ti kú. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu, ìbáà jẹ́ láti ẹnu ọmọ olùdarí fúnra rẹ̀. Bí ìtàn inú fíìmù náà bá ti inú ìwé tàbí eré orí ìtàgé wá, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé yẹn dá dúró lọ́tọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ó ṣì wà lábẹ́ àdéhùn ìgbà àkọ́kọ́.

Ọjọ́ orí fíìmù nìkan kò tó láti sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Ní Amẹ́ríkà, fíìmù tí wọ́n gbé jáde ṣáájú 1978 lè wà lábẹ́ ààbò òfin fún ọdún 95. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 70 ni wọ́n ń kà lẹ́yìn ikú ẹni tó gbẹ̀yìn nínú olùdarí, òǹkọ̀wé eré, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré àti ẹni tó ṣe orin fún fíìmù náà. Fíìmù kan náà lè bọ́ lọ́wọ́ òfin ní orílẹ̀-èdè kan, kí títà rẹ̀ sì jẹ́ olè jíjà ní òmíràn, nítorí náà ẹ ní lọ́yà tó mọ irú ẹ̀tọ́ yìí dunjú, kì í ṣe lọ́yà ilẹ̀ àti ilé.

Orin ni ó máa ń dá ènìyàn dúró jù. Charles Burnett ṣe Killer of Sheep nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì UCLA ní Los Angeles ní àwọn ọdún 1970, pẹ̀lú owó tí kò tó 10,000 dọ́là, ó sì fi orin àwọn àgbà olórin aláwọ̀ dúdú sínú rẹ̀ láìtíì gba àṣẹ tí ilé sinimá ń béèrè. Ní 1990, wọ́n kọ orúkọ fíìmù náà sínú ìwé àkójọ fíìmù tí ìjọba Amẹ́ríkà kà sí ogún orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀ ó di 2007 kí ó tó jáde fún gbogbo ènìyàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti san nǹkan bí 150,000 dọ́là fún ẹ̀tọ́ orin nìkan. Ẹ jókòó ti fíìmù tiyín, kí ẹ kọ gbogbo orin tó dún nínú rẹ̀ sílẹ̀, títí kan èyí tó ń ti inú rédíò aládùúgbò jáde lẹ́yìn ògiri, nítorí ìyẹn náà ní olówó. Ẹ rántí pé orin kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ méjì, ti ẹni tó kọ ọ́ àti ti ilé-iṣẹ́ tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, àti pé rírí ọ̀kan gbà kò ní kí ẹ rí èkejì.

Nínú ìwé àdéhùn, ẹ kọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹ lè tà dé, iye ọdún àti iye ẹ̀dà sílẹ̀ gedegbe. Ẹ tún kọ ẹni tí yóò ni àwọn fáìlì àtúnṣe nígbà tí àdéhùn bá parí. Ohun tí àwọn ẹni tuntun máa ń gbàgbé nìyí, òun gan-an ni ó sì ń dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Wíwá róòlù tó dára jù

Nẹ́gẹ́tíìfù tó wà nínú kámẹ́rà lọ́jọ́ ìyàwòrán ni ó ní àwòrán tó mọ́ jù lọ. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ẹ̀dà àárín, láti inú ẹ̀dà àárín ni wọ́n ti ń ṣe nẹ́gẹ́tíìfù kejì, láti inú ìyẹn ni ẹ̀dà tí ilé sinimá ń lò ti ń jáde. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni àwòrán ń di ṣíṣú, tí ibi dúdú àti ibi funfun ń jẹ ara wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwákiri láti òkè, kí ẹ má sì fara mọ́ ẹ̀dà ilé sinimá àyàfi tí ẹ bá ti béèrè dé gbogbo ibi tó yẹ: ilé-iṣẹ́ tó fọ fíìmù náà, ilé ìpamọ́ fíìmù orílẹ̀-èdè, ilé tẹlifíṣọ̀n tó ti fi í hàn rí, abẹ́ ibùsùn ẹni tó mú kámẹ́rà.

Ọ̀pọ̀ fíìmù tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 ni wọ́n kó lọ sí òkè òkun fún fífọ̀, nítorí náà ẹni tó ń wá nẹ́gẹ́tíìfù fíìmù Yorùbá ti ìgbà náà gbọ́dọ̀ béèrè ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó sọ pé ó ti ṣègbé. Ìgbà mìíràn sì wà tí ohun tí a ń wá kiri wà nílé. Shaihu Umar, fíìmù èdè Haúsá tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé ó sọnù; inú àkójọ Nigerian Film Corporation ní Jos ni róòlù rẹ̀ wà, ilé-iṣẹ́ Arsenal ní Berlin sì kópa nínú àtúnṣe tí wọ́n fi hàn ní Berlinale, àjọ̀dún sinimá ìlú náà, ní 2018.

Nígbà tí agolo bá dé ọwọ́ yín, ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó tú róòlù. Fíìmù tí wọ́n fi acetate, irú ike kan, ṣe, èyí tó gbòde lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, máa ń tú ásíìdì jáde bí ooru àti ọ̀rinrin bá pọ̀ níbi tó wà, òórùn ásíìdì náà sì jẹ́ ti ọtí kíkan. Ásíìdì yìí ń mú ìbàjẹ́ tirẹ̀ yára sí i, ó sì ń ran àwọn róòlù tó wà nítòsí, nítorí náà ẹ ya èyí tó ń rùn sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gbé e sí ibi tútù tó gbẹ. (Orúkọ àìsàn yìí ni ilé-iṣẹ́ Vinegar Syndrome ní Amẹ́ríkà sọ ara rẹ̀, àwàdà tí ẹni tó ti gbóòórùn agolo rí nìkan lè fi rẹ́rìn-ín.) Àwọn ilé ìpamọ́ máa ń fi bébà kékeré kan sínú agolo, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí láti búlúù sí àwọ̀ ewé, títí dé yẹ́lò, gẹ́gẹ́ bí ásíìdì náà bá ṣe pọ̀ tó. Fíìmù tó ti wà ṣáájú ìgbà náà lè jẹ́ náítréètì, tó ń gbiná bí ẹ̀tù, tó sì lè máa jó lábẹ́ omi. Ẹ má ṣe fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, ilé ìpamọ́ tó ní àṣẹ láti gbé e ni kí ẹ pè.

Ẹ má ṣe gbé róòlù kan ṣoṣo tó kù sórí ẹ̀rọ sinimá nítorí pé ẹ fẹ́ wò ó. Fíìmù àtijọ́ máa ń sún kì, eyín ẹ̀rọ náà á sì ya àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orí tábìlì ni kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ti fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, kí ó kọ ibi tó ya, ibi tí wọ́n lẹ̀, ibi tí àwòrán sọnù, àti bí àwọ̀ ṣe rí. Ẹ̀dà aláwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí Eastmancolor, fíìmù aláwọ̀ ti Kodak, ṣáájú àwọn ọdún 1980 sábà máa ń di pupa-rẹ́súrẹ́sú, nítorí pé àwọ̀ búlúù inú rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ lọ. Ìwé àyẹ̀wò yìí ni yóò sọ iye tí iṣẹ́ yóò ná yín. Ẹ má bá ilé-iṣẹ́ skánà, ìyẹn àwọn tó ń fi ẹ̀rọ sọ fíìmù di fáìlì kọ̀ǹpútà, dúnàádúrà kí ìwé náà tó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀dà wo gan-an ni fíìmù náà?

Àwọn aláṣẹ, àwọn olùpín fíìmù àti olùdarí fúnra rẹ̀ lè ti gé fíìmù kan náà ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. The Color of Pomegranates tí Sergei Parajanov ṣe jáde ní Armenia ní 1969, ṣùgbọ́n Sergei Yutkevich tún un gé fún àwọn apá yòókù ilẹ̀ Soviet, ẹ̀dà kejì yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tó tún un ṣe ní 2014 tẹ̀lé ẹ̀dà ti Armenia, èyí tó sún mọ́ èrò Parajanov jù, nígbà tí Second Sight ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbé ẹ̀dà méjèèjì jáde pọ̀. Ọ̀nà yìí ni mo fara mọ́ jù: kí ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ dé góńgó, kí ẹ sì fi èkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìtún un ṣe púpọ̀, kí òǹwòran lè fi ojú ara rẹ̀ wo ìyàtọ̀. Ohun tí kò bójú mu ni kí ẹ mú ìran láti inú méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi ṣe ẹ̀dà kẹta tí kò sí nínú ilé sinimá kankan rí.

Bí apá kan bá ti sọnù pátápátá, ẹ jẹ́ kí ó hàn. Limite, tí Mário Peixoto ṣe ní Brazil ní 1931, kù ẹ̀dà náítréètì kan tó ń bàjẹ́ lọ. Saulo Pereira de Mello àti àwọn tó ràn án lọ́wọ́ lo ọ̀pọ̀ ọdún láti ya àwòrán rẹ̀ ní férémù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwòrán ẹyọ kan lára fíìmù. Ìran kan ti kọjá àtúnṣe kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kíkọ ni ó sì dúró ní ipò rẹ̀ títí di òní, tí ó ń sọ fún òǹwòran ohun tó yẹ kí ó rí.

Skánà, ìtọ́jú àwòrán àti àwọ̀

Fún nẹ́gẹ́tíìfù 35mm (fíìmù tó fẹ̀ tó mìlímítà 35), skánà 4K, tó ń pín ìbú àwòrán sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àmì, ni kí ẹ béèrè fún. Fún ẹ̀dà 16mm tó ti gbó, 2K lè gbé ohun tó wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 4K ń mú hóró àwòrán, àwọn hóró wínníwínní tó para pọ̀ di àwòrán lójú fíìmù, jáde dáadáa jù. Bí fíìmù bá ti sún kì, ẹ wá skánà tí kò fi eyín fà á, bíi Scanity tàbí ScanStation. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń fi omi oògùn bo fíìmù bí ó ṣe ń kọjá níwájú lẹ́ńsì: omi náà ń kún inú ìlà tí nǹkan ti ha sí ẹ̀yìn fíìmù, ìlà náà á sì di àwátì láìsí pé kọ̀ǹpútà fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo gbà pé owó tí ẹ bá ná síbẹ̀ ni ó lérè jù nínú gbogbo ìnáwó yìí. Férémù 24 ni ó wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà fíìmù oníṣẹ́jú 90 ní férémù 129,600. Bí férémù 4K kọ̀ọ̀kan bá tó nǹkan bí megabáìtì 50, ẹ ó nílò tẹ́rábáìtì mẹ́fà ààbọ̀ fún ẹ̀dà kan ṣoṣo, ẹ kò sì gbọdọ̀ ní ẹ̀dà kan ṣoṣo.

Ibi ìtọ́jú àwòrán ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Kọ̀ǹpútà lè wá eruku àti ìlà fúnra rẹ̀, kí ó sì nù wọ́n kúrò, ṣùgbọ́n kò mọ eruku yàtọ̀ sí òjò, sí ẹta iná, tàbí sí ẹyẹ tó fò kọjá lójú ọ̀run, nítorí pé gbogbo wọn ń hàn nínú férémù kan tí wọ́n sì ń pòórá nínú èyí tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ lè rí i pé òjò ti dá nínú ìran tí olùdarí fi omi rọ̀jò sí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe díẹ̀, kí ènìyàn sì fi ojú wo gbogbo rẹ̀ ní ìran dé ìran. Bí ènìyàn bá lo ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré lórí férémù kọ̀ọ̀kan, wákàtí 180 ni, ẹ sì kọ ọ́ sínú ètò ìnáwó yín bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe yọ hóró àwòrán kúrò. Inú hóró wọ̀nyí ni àwòrán fíìmù ti wá. Ẹni tó bá lọ̀ wọ́n kúnná kí àwòrán lè dán bí ti fóònù, á rí i pé ojú àwọn òṣèré ti di ojú ère tí wọ́n fi ìda ṣe, àwọn olùkójọ kì í sì í dárí irú èyí jini. Irun tó há sí ẹnu kámẹ́rà lọ́jọ́ ìyàwòrán, òjìji maikirofóònù lára ògiri, àwòrán tó mì nítorí pé ẹni tó gbé kámẹ́rà ń sáré, gbogbo wọn wà lójú fíìmù ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ jáde. Ìbàjẹ́ tó dé bá a lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ yín. Àìpé tí wọ́n bí i mọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Àwọ̀ nílò ẹlẹ́rìí. Bí ẹni tó mú kámẹ́rà bá wà láàyè, ẹ gbé e wá sí yàrá náà, kódà bí fíìmù bá jẹ́ dúdú àti funfun, nítorí òun ni ó mọ bí òkùnkùn inú ìran kan ṣe yẹ kí ó jìn tó. Nígbà tí wọ́n tún Soleil Ô, fíìmù tí Med Hondo ṣe ní 1970, ṣe ní Bologna ní Ítálì ní 2017, Hondo fúnra rẹ̀ ṣì wà láyé láti bá wọn kópa, François Catonné tó jẹ́ ayàwòrán rẹ̀ sì bójú tó ìmọ́lẹ̀ àwòrán náà. Bí kò bá sí ẹni tó kù, ẹ wá ẹ̀dà àtijọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ kò tíì ṣí, kí ẹ wò ó ní ẹ̀gbẹ́ fáìlì yín. Ẹ sì ṣọ́ra fún àṣà ìgbà: àwọn àtúnṣe kan ti jáde tí gbogbo ìran wọn pọ́n sí yẹ́lò láìnídìí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ojú ẹni tó ṣe é fẹ́ kí fíìmù àtijọ́ rí.

Ohùn àti ìtumọ̀

Bí téèpù tí wọ́n kọ́kọ́ pa ohùn pọ̀ sí bá wà, ẹ lò ó dípò ìlà ohùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Ẹ yọ ariwo tó ń ta pàràpàrà kúrò, ṣùgbọ́n ẹ fi ìmí ilé, ìyẹn ohùn jẹ́jẹ́ tó máa ń wà níbi tí wọ́n ti ya ìran, sílẹ̀. Bí ẹ bá fọ ohùn jù, ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré yóò máa dún bí ẹni pé inú ike ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Fíìmù tó jáde pẹ̀lú ohùn onílà kan (mónò) kò nílò onílà márùn-ún.

Ẹ túmọ̀ ọ̀rọ̀ tààrà láti inú èdè fíìmù náà, kí ẹ má ṣe tún ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ túmọ̀, nítorí pé ìtumọ̀ àtijọ́ sábà máa ń fo orin, òwe àti oríkì kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtumọ̀ Yorùbá sí díìsìkì Blu-ray kò ní wàhálà àmì ohùn, nítorí pé àwòrán ni ẹ̀rọ náà ń ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sí: ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà yín bá lè yà dáadáa, yálà ẹ̀ tàbí ọ́, ni yóò hàn bẹ́ẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ kàn yan irú lẹ́tà tó ní gbogbo àmì wa, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú fíìmù náà lójú.

Díìsìkì, ìwé inú rẹ̀ àti títà

Díìsìkì Blu-ray onípele méjì gba 50 GB, àwòrán rẹ̀ kò sì lè ju megabit 40 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fíìmù oníṣẹ́jú 90 tí ẹ fún ní megabit 35 yóò gba nǹkan bí 24 GB, àyè yóò sì kù fún ohùn àti àfikún. Ẹ má ṣe fún un mọ́ onípele kan oní 25 GB nítorí àtifi owó díẹ̀ pamọ́, nítorí hóró àwòrán ni yóò kọ́kọ́ fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ní ti agbègbè, ìyẹn àmì tó ń sọ ibi tí ẹ̀rọ ti lè ka díìsìkì, Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní B, Amẹ́ríkà, Brazil àti Kúbà wà ní A. Bí ẹ̀tọ́ yín bá kárí ayé, ẹ má fi àtìpa agbègbè kankan sí i. Blu-ray tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ààbò AACS, tí kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn ṣe àdàkọ rẹ̀, èyí tí ẹ ó sanwó fún. Àwọn tó ń sá fún owó yìí máa ń fi kọ̀ǹpútà kọ díìsìkì lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn olùkójọ kò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì jàre. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1984 sọ pé kí BBFC, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò níbẹ̀, wo fíìmù kí ẹ tó tà á lórí díìsìkì, ní Nàìjíríà sì ni ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò yóò ti fọwọ́ sí i.

Ìwé inú páálí ṣe pàtàkì ju páálí fúnra rẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí àròkọ nípa fíìmù àti ẹni tó ṣe é, ẹ kọ ojú ìwé kan nípa àtúnṣe: róòlù wo ni ẹ lò, níbo ni ó ti wá, ta ni ó fi skánà gbé e, kí ni ẹ nù kúrò, kí ni ẹ fi sílẹ̀, kí ni ó ti sọnù. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ bíi «àtúnṣe 4K» lẹ́yìn páálí bí ẹ̀dà ilé sinimá ni ẹ gbé, láìsọ bẹ́ẹ̀. Fún àfikún, ohùn àwọn tó ṣe fíìmù náà tí wọ́n ṣì wà láyé ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, kódà kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀, nítorí róòlù lè dúró dè yín fún ọdún kan sí i.

Ilé-iṣẹ́ títẹ̀ yóò fi díìsìkì àyẹ̀wò kan ránṣẹ́. Ẹ wo gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí ẹ̀rọ oríṣiríṣi, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àti láìsí i, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ ta ìdajì ẹ̀dà yín tààrà fún àwọn òǹrà kí ẹ tó kó ìyókù fún oníṣòwò, nítorí èrè orí díìsìkì tó bá gba ọwọ́ oníṣòwò kọjá kéré púpọ̀, kí ẹ sì fi díẹ̀ pamọ́ láti fi pààrọ̀ èyí tó bá ní àbùkù. Ẹ da àwọn fáìlì skánà àti ti àtúnṣe sórí téèpù LTO (téèpù tí wọ́n fi ń pa fáìlì kọ̀ǹpútà mọ́ fún ìgbà pípẹ́) méjì tí ẹ ó gbé sí ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fún ilé ìpamọ́ tó yá yín ní róòlù ní ẹ̀dà kan, kí ẹ sì dá róòlù náà padà sínú agolo tuntun, pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò yín nínú rẹ̀.